Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Kí Lánlọ́ọ̀dù?

Kó, kó, kó. Bí ife tánganran ṣe máa ń dún létí kànga nìyẹn, ìlù mẹ́ta péré, kò ní yára, kò ní falẹ̀. Lẹ́yìn náà ni omi yóò dákẹ́ díẹ̀, tí nǹkan yóò sì wá yí gbọ̀lọ́ nísàlẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ti kọjá lórí ìró yẹn. Síbẹ̀, bí Olúbọ̀dé bá jókòó nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní ìlú Leeds, tí òjò òyìnbó ń fi èékánná ha fèrèsé, ìró náà a máa wọlé tọ̀ ọ́ wá láìkan ilẹ̀kùn.

Kíkẹ́lọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lu ife náà. Ẹ̀yìn ilé bàbá wọn ní Fìdítì ni kànga yẹn wà, ilé onípáànù tó kọjú sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ẹja àrọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń gbé inú rẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ẹja yẹn kì í ṣe ti jíjẹ. Bàbá wọn, tó jẹ́ tíṣà, ló jù ú síbẹ̀ kó lè máa bá wọn jẹ tanwíjí, kí omi mímu lè mọ́. Nígbà tó sì jẹ́ pé kì í san owó ilé, tí kò sí ẹni tó lè lé e jáde, wọ́n sọ ọ́ ní Lánlọ́ọ̀dù. Bí Kíkẹ́lọmọ bá lu ife, Lánlọ́ọ̀dù á gòkè wá gba èérún ẹ̀kọ. Bí Olúbọ̀dé bá lù ú, omi kò ní mira.

"Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń wí, "ẹja kì í jáde wá pàdé ẹni tó ti ń múra àtilọ."

Bí ọmọdékùnrin náà ṣe ń da ẹsẹ̀ síta bó bá ń rìn ló bí orúkọ yẹn. Ó jẹ́ ẹ kó tó wọ ṣòkòtò ilé ìwé, ó ṣì ń jẹ́ ẹ lọ́jọ́ tó wọ bàálù.

Ẹnjiníà omi ni ó jẹ́ ní Leeds fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì. Ó mọ bí omi ṣe ń gòkè, ó mọ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ó mọ ọ̀nà tó ń gbà wọ ilé onílé. Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà padà sílé tirẹ̀ ni kò mọ̀. "Ọdún tó ń bọ̀" ni èsì rẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá bi í, ọdún tó ń bọ̀ náà sì ti bọ̀, bọ̀, bọ̀, títí ó fi rẹ òun fúnra rẹ̀.

Ó di ọdún kẹrin báyìí tí Bùrọ̀dá Stephen, ọkọ Kíkẹ́lọmọ, ti kú. Olúbọ̀dé kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Orúnkún ló ń dùn ún, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n orúnkún kan náà ló gbé e lọ wo òkun ní ilẹ̀ Sípéènì lóṣù tó tẹ̀ lé e, àwòrán rẹ̀ létí òkun sì ti dé Fìdítì kó tó rántí pé àwòrán ń rìn. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìdárò ránṣẹ́ o, wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn sì sọ pé Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ dára.

Kíkẹ́lọmọ kò bá a jà. Ìbá sàn kó bá a jà. Ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún un. Bí Olúbọ̀dé bá pè é lórí fóònù, á ní, "A dúpẹ́, Alàgbà Olúbọ̀dé. Ẹ kú ìtọ́jú ara." Ó parí. Ẹ̀gbọ́n tó fi ọdún méje juni lọ, tó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ pọnni, tó nu ikun nímú ẹni, òun ló wá ń peni ní alàgbà! Ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè á rò pé àpọ́nlé ni. Olúbọ̀dé ló mọ bí ẹgba yẹn ṣe ń ta. Gbogbo àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́, tó gbé kọ́ sára ògiri, ìbá kó wọn sílẹ̀ nítorí Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ kan ṣoṣo látẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin náà ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ohun tí Olúbọ̀dé ń fẹ́ kò ju pé kó tún fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó lọ.

Ẹlòmíì ìbá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹnjiníà ra ìwé ńlá, ó gbẹ́ pẹ́ńsù.

Ó ya àpótí gíláàsì kan tó gùn ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí yóò dúró ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí yóò kọjú sí àga rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ẹja àrọ̀ kan ṣoṣo nínú omi. Kì í ṣe àpótí ẹja lásán ni o. Èyí ní ojú, ó ní etí, ó ní ẹnu. Ojú rẹ̀ ni kámẹ́rà kékeré tí yóò máa fi àwòrán pálọ̀ ránṣẹ́ sí Leeds, àwòrán nìkan, láìsí ohùn. Etí rẹ̀ kò ní máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan àfi ìkíni. Bí Kíkẹ́lọmọ bá jí, tó wá síwájú rẹ̀, tó ní "Káàárọ̀", iná á tàn nínú omi, oúnjẹ á já bọ́ fún ẹja, ohùn Olúbọ̀dé á sì dáhùn látinú ẹnu ẹ̀rọ náà pé, "Ẹ káàárọ̀, Sisí mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Lójú ẹsẹ̀ ni aago á dún lórí fóònù rẹ̀ ní Leeds, tí yóò sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti kí òun.

Ó wo àwòrán yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò rí àbùkù kankan níbẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ní Fìdítì ìbá rí i kó tó jẹ ẹ̀kọ tán.

Ẹni tí wọ́n júwe fún un pé ó lè kàn án ni Lateefah, obìnrin kan ní Ìlorà, abiyamọ, ọmọ Sìrájù ẹlẹ́ja. Lateefah kàwé nípa kọ̀ǹpútà. Nígbà tí owó iṣẹ́ tó rí ní Ìbàdàn kò tó owó mọ́tò tó ń gbé e lọ síbẹ̀, ó padà sídìí omi ẹja bàbá rẹ̀, ó sì so ìmọ̀ méjèèjì pọ̀: ó ń kan àpótí ẹja sí pálọ̀ àwọn èèyàn láti Awẹ́ títí dé Ìbàdàn. Olúbọ̀dé fi àwòrán rẹ̀ hàn án lórí fóònù. Obìnrin náà wò ó pẹ́, ó yìn ín, ó sì béèrè irú ẹja aláwọ̀ mèremère tí wọ́n fẹ́ sí i. Olúbọ̀dé ní àrọ̀ ni.

"Àrọ̀ bí àrọ̀, Bàbá?" ni Lateefah wí. "Èyí tí wọ́n ń fi sí pálọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń fi sí ìkòkò o."

Olúbọ̀dé wá sọ ìtàn Lánlọ́ọ̀dù fún un. Lateefah ní bàbá òun náà fi ọ̀kan sínú kànga àwọn rí. Ó ṣèlérí pé òun á lọ ṣà á dáadáa, òun á wá èyí tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn bíi ti díákónì.

Wọ́n fi oṣù méjì ṣe é. Lórí iná ọba, Lateefah ní kí wọ́n má gbọ́kàn lé e, pé àlejò tí kì í jókòó ni, sólà ni kí wọ́n gbé sórí òrùlé. Lórí omi, wọn kò jiyàn. Orí oúnjẹ ẹja ni wọ́n ti forí gbárí. Lateefah fẹ́ kó máa já bọ́ fúnra rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nítorí pé bí Màmá bá lọ sí ìrìn àjò ńkọ́, tàbí tí ọ̀fìnkìn gba ohùn lẹ́nu wọn? Olúbọ̀dé kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kò sí ìkíni, kò sí oúnjẹ. Ó ní Lateefah kò mọ ẹ̀gbọ́n òun ni. Kíkẹ́lọmọ tó ń kí ewúrẹ́? Kíkẹ́lọmọ tó kí kùkùté igi kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́nà oko, tó tún bi í léèrè àwọn ọmọ? Bí ẹnìkan bá máa fi ebi pa ẹja nítorí ìkíni, kì í ṣe Kíkẹ́lọmọ.

Ìgbà mọ́kànlá ló gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Àkọ́kọ́ dún bí ẹni tó ń ka ìròyìn, ẹ̀kẹrin dún bí ẹni tó ń tọrọ báárà. Ó fi ìkọkànlá ránṣẹ́ nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí Lateefah lọ gba àṣẹ ní Fìdítì, ìyá àgbà náà kò ṣòro. Kò béèrè ju ohun kan lọ, pé kí àpótí náà má ṣe bo àwòrán Stephen lára ògiri. Ó wá ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Alàgbà: ọ̀nà yìí jìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹja ti ráyè wá. Lateefah jẹ́ iṣẹ́ ìdúpẹ́ náà fún Olúbọ̀dé. Ó gbé ìyókù mì.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n gbé e dé, àwọn ará àdúgbò sì wá wòran. Lateefah dúró níwájú gíláàsì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún un, ó ní, "Ẹ káàárọ̀." Iná tàn, oúnjẹ já bọ́, àrọ̀ gòkè, ohùn Olúbọ̀dé sì jáde. Ìyá Ìyìn tó ń gbé ilé kejì fi ẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó béèrè bóyá Olúbọ̀dé ló wà nínú omi yẹn. Kíkẹ́lọmọ ní rárá o, pé láti kékeré ni Olúbọ̀dé kì í ti í fẹ́ wọ omi, ìyá àwọn ló máa ń lé e yí ilé ká pẹ̀lú kànìnkànìn. Nígbà tí Lateefah ròyìn èyí lórí fóònù, inú Olúbọ̀dé dùn débi pé ó ní kó tún un sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́fà kò tíì lù tó ti gbé fóònù ka orí tábìlì, tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ó rí i lójú fóònù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ pálọ̀. Ó ti wé gèlè. Ó jókòó sórí àga, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wo ẹja. Ẹja ń wò ó. Olúbọ̀dé ń wo àwọn méjèèjì láti Leeds. Aago kò dún. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, Kíkẹ́lọmọ dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Olúbọ̀dé fura sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó fura sí sólà, ó fura sí Lateefah, ó tilẹ̀ fura sí ẹja. Láti Leeds ló ti la etí ẹ̀rọ náà sí i kó lè máa gbọ́ ohùn tó lọ sílẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, aago dún! Ó fò dìde, ó da tíì sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó gbá fóònù mú. Kò sí ẹnikẹ́ni ní pálọ̀. Àkùkọ Ìyá Ìyìn ló dúró sójú fèrèsé, tó na ọrùn, tó ń kọ. Àkùkọ ni ohùn rẹ̀ ti bi léèrè bóyá ó sùn dáadáa.

Ohun kan tún wà tí kò yé e. Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ kò já bọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹja tó ń kọjá níwájú kámẹ́rà ń sanra.

Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, ó bẹ Lateefah kó lọ wò ó. Lateefah gun ọ̀kadà láti Ìlorà, ó dé Fìdítì, ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó tún un dè. Ó kí i, ó jẹ́. Ó bá Màmá jókòó díẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀. Ó wá jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó pe Leeds. Olúbọ̀dé rí i tó ń fi etí híjáàbù rẹ̀ bo ẹnu.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi," ló wí. "Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú ẹ̀yin àti Màmá?"

"Àwọn ni. Ọdún méje ni wọ́n fi jù mí lọ."

"Bí ilẹ̀ bá mọ́, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kí ẹnì kejì?"

Olúbọ̀dé la ẹnu. Ẹnu náà ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bíi ti àrọ̀ tó gòkè wá gba ẹ̀kọ.

Lateefah wá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, kò gbé ọ̀kankan mì lọ́tẹ̀ yìí. Màmá ní àwọn ti dàgbà, àwọn ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n àwọn ò tíì rí ibi tí ẹ̀gbọ́n ti ń jí lọ kí àbúrò, ká má tíì wá sọ ẹja àbúrò. Wọ́n ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Leeds nìyẹn. Wọ́n ní láti ọjọ́ Àìkú ni àwọn ti ń wé gèlè, tí àwọn ń jókòó síwájú àpótí náà láago mẹ́fà ààbọ̀, pé bóyá Alàgbà máa sọ̀rọ̀. Alàgbà ò sọ̀rọ̀. Àkùkọ ni wọ́n gbọ́ pé ó ń kí.

"Kí wá ni ẹja ń jẹ?" ni Olúbọ̀dé bi í, nítorí pé ìyẹn ni ìbéèrè tó rọrùn jù lọ nílẹ̀.

"Màmá ló ń fún un lálẹ́, nígbà tí ẹ kì í wò. Wọ́n ní ife kan báyìí tí wọ́n fi ń lu etí gíláàsì, ìlù mẹ́ta, ẹja á sì gòkè. Èmi ò kọ́ ọ o, Bàbá. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ níbẹ̀."

"Irú ife wo?"

"Tánganran ni. Funfun, etí rẹ̀ dúdú bíi aró. Ara rẹ̀ ti ń bó."

Olúbọ̀dé mọ ife náà. Lateefah, tó mọ ìgbà tí a ń rẹ́rìn-ín àti ìgbà tí a kì í rẹ́rìn-ín, mú híjáàbù kúrò lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n má ronú, iṣẹ́ wákàtí kan péré ni, òun lè yí i padà kó jẹ́ pé bí Màmá bá ti wọ pálọ̀ ni ohùn Bàbá á ti kọ́kọ́ kí wọn.

"Mo lè mú kó kí wọn, Bàbá," ló wí. "Ìdọ̀bálẹ̀ ni mi ò rí ẹ̀rọ rẹ̀ rà ní Ìbàdàn."

Olúbọ̀dé ní kó má yí nǹkan kan padà.

Ní ọjọ́ yẹn, kò jẹun ọ̀sán. Ó ń rántí bí òun ṣe máa ń kí ẹ̀gbọ́n òun ní kékeré: bó bá jí, kó tó lọ bọ́jú, á na gbalaja síwájú ẹnu ọ̀nà yàrá Kíkẹ́lọmọ, tí ìyẹn á sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ tì í lẹ́yìn pé, "Dìde, Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ." Níbo ló ti sọ ọ́ nù? Ní Leeds, ẹni tó bá kọ́kọ́ ríni ló ń kíni. Ó ti ń bá wọn ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi rò pé bí gbogbo ayé ṣe rí nìyẹn.

Ìkíni àárọ̀ wá fa èkejì yọ. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í dìde lọ wá ẹni tí yóò bá a kẹ́dùn. Ẹni tó ń kẹ́dùn ló ń wá, tó ń jókòó tì í, bí kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ọdún mẹ́rin gbáko ni òun fi ń retí kí Kíkẹ́lọmọ sọ pé, "Ó tó, máa bọ̀ wálé." Ọdún mẹ́rin náà ni obìnrin yẹn fi wé gèlè, tó gbé ọwọ́ lé itan, tó ń retí kí òun wọlé. Kí òun wá kan etí mọ́ gíláàsì, kí òun tún ní kí ó kọ́kọ́ kí òun!

Ó kọ ọ̀rọ̀ sí i lórí fóònù. Ti àkọ́kọ́ gùn, orúnkún wà nínú rẹ̀, dókítà wà nínú rẹ̀. Ó pa á rẹ́. Ìkejì ń ṣàlàyé etí ẹ̀rọ. Ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ó wá gbọ́ ohùn kan láti etí kànga pé ẹja kì í jáde wá pàdé ẹni tó ti ń múra àtilọ. Ó dìde, ó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù, ó ti àga sẹ́yìn, ó sọ orúnkún méjèèjì kalẹ̀ nínú ilé ìdáná, lẹ́yìn náà àyà, lẹ́yìn náà àgbọ̀n. Ilẹ̀ tútù bí yìnyín. Bí òun ṣe máa dìde kò tíì yé e, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ó gbé fóònù síwájú ara rẹ̀. Ó rí i tí Kíkẹ́lọmọ wọlé, tó jókòó, tó tún etí gèlè rẹ̀ ṣe. Ó fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́:

"Ẹ káàárọ̀, Sisí mi. Ẹ kú ọ̀fọ̀ Bùrọ̀dá Stephen. Ó ti pẹ́ jù, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa dé Fìdítì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o, kì í ṣe ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má tíì fi Lánlọ́ọ̀dù se ọbẹ̀ dè mí, mo fẹ́ wá wò ó bóyá ó máa gòkè fún mi lọ́tẹ̀ yìí. Orí ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí, n ò sì lè dìde àfi tí ẹ bá ní kí n dìde. Èmi ni, Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ."